Bàbá Rọra àti Mọ́tò Tí Màámi Kò Wọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a ti sin bàbá bàbá mi sí Ìmẹ̀rì, lẹ́yìn ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ọkàn mi ò sì tíì gbà á. Tí mo bá gbọ́ ìró mọ́tò ńlá tó ń bọ̀ ní jẹ́jẹ́ níwájú ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ọ̀wọ̀, ọwọ́ mi á dúró lórí pátákó, àwọn ọmọ kíláàsì á sì máa wò mí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, Bàbá Rọra kọ́ nìyẹn o." Ọmọ náà ò ní i ní ibi lọ́kàn, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo yíjú sí pátákó, mo sì sunkún níbẹ̀.

Bàbá Rọra ni wọ́n ń pè é láti Ọ̀wọ̀ dé Ìpele, láti Ìpele dé Ìdó-Àní, títí wọ Ìmẹ̀rì. Bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún ló ń wà, búlúù ni tẹ́lẹ̀, oòrùn ti sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. Kò sí awakọ̀ tó mọ epo ṣọ́ tó o ní gbogbo agbègbè wa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí Bàbá Rọra bá ti gbóòórùn epo lásán, ó tó o dé Ìpele. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kí wọ́n máa wí. Epo tí wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun a fi lọ, a fi bọ̀, a tún fi lọ.

Mi ò ní sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí i àti iye ọmọ tó bí, ó wà nínú ìwé ìsìnkú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni irú èèyàn tó jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló sì fẹ́ láyé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú: kí ìyá mi wọ mọ́tò rẹ̀. Kó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó kú kó tó rí i, èyí ló sì ń dùn mí jù.

Bàbá kì í ṣe Rọra láti ilẹ̀ wá. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, Bàbá Iná ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń tẹná mọ́ mọ́tò. Ọ̀nà Arímọ̀gìjà ló ń ná nígbà náà, ó ń kó àwọn oníṣu àti oníkòkó. Lọ́jọ́ kan tí epo wọ́n bí ojú, òun àti awakọ̀ kan ń bá ara wọn du èrò lójú ọ̀nà. Wọ́n sáré, wọ́n sáré, títí epo fi gbẹ mọ́ Bàbá lọ́wọ́, Arímọ̀gìjà kù díẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí àkọ́bí rẹ̀, Olú, tó jẹ́ bàbá mi, pé kó bá òun wá epo wá. Bàbá mi ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀, ó gun ọ̀kadà, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí títí dòní láìka á sí nǹkan kan. Ọ̀kadà ṣubú ní kọ́nà. Epo tú, iná sì ràn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí.

Àwọn àgbà ní tí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu èèyàn tó pọ̀, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá rí. Mo rò pé kò lè pa á.

Màámi ò bá a jà. Ì bá sàn kó jà. Ó ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń gbọ́únjẹ fún un, ó sì ń lé mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọlidé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sin bàbá mi tán, ó dìde láàárín mọ̀lẹ́bí, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ní, "Bàbá, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ mi ò ní wọ mọ́tò yín láyé mi."

Ọdún kan gbáko ni Bàbá ò fi fọwọ́ kan mọ́tò. Nígbà tó padà sí i, ó ti di ẹlòmíràn. Ó fi ọ̀nà Arímọ̀gìjà sílẹ̀ pátápátá, ó bọ́ sí ọ̀nà Ìpele. Ó sì ṣòfin méjì fún ara rẹ̀. Àkọ́kọ́, kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọ́dọ̀ wọ inú mọ́tò òun mọ́, ì báà jẹ́ òfìfo. Ìkejì, epo òun kò tún gbọ́dọ̀ tán lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí epo òun tán, tí kò sì fẹ́ gbé òmíràn dání, kò sí ohun tó kù fún un ju kó máa ṣọ́ èyí tó wà nínú táńkì bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ní ahun ni. Èmi náà bá wọn pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kí oòrùn tó là, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí táyà, ó ń wọn atẹ́gùn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó ní táyà tó ti gbóná kì í sọ òótọ́. Táyà tó bá rọ̀ díẹ̀, kò ní gbé mọ́tò lọ sí gáréèjì àyàfi tó bá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìyá mi àgbà, kí wọ́n tó kú, máa ń bínú pé táyà ló ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀ kó tó kí àwọn. Bàbá á ní, "Táyà tó rọ̀ dà bíi bàtà tó tóbi jẹsẹ̀ lọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò lè rìn jìnnà."

Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń wakọ̀. Á bọ́ bàtà rẹ̀, á fi sábẹ́ àga, á wá gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé irin tí wọ́n fi ń tẹná mọ́ mọ́tò bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá omi gbóná. Nígbà tó ń kọ́ mi ní mọ́tò, mo wọ bàtà tuntun kan tó ga díẹ̀, mo fẹ́ ṣe fáàrí. Ẹ rántí pé obìnrin ni mí, gbogbo gáréèjì ló sì dúró ń wò wá. Mo tẹ̀ ẹ́, mọ́tò fò síwájú, ẹ́ńjìnnì ké. Bàbá ò pariwo mọ́ mi. Ó nawọ́ pa kọ́kọ́rọ́, ó ní kí n bọ́ bàtà náà, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé itan ara rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní, "Ìbídùn, bàtà kì í gbọ́ràn. Ẹsẹ̀ ló ń gbọ́ràn."

Ojú rẹ̀ kì í sí nítòsí. Níbi tí ewúrẹ́ bá ti ń ronú àtisọdá títì lọ́hùn-ún, òun ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mọ́tò á máa fà lọ fúnra rẹ̀, á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí a bá fi máa débẹ̀, ewúrẹ́ ti lọ, a ò sì fọwọ́ kan bíréèkì. Ó kórìíra bíréèkì bí ẹni kórìíra onígbèsè. Ó ní epo tí èèyàn bá ti jó láti fi sáré, bíréèkì ló ń bá a sin ín. Tí èmi bá tẹ̀ ẹ́ láìnídìí, á kàn mí ní ìka lórí apá, á ní, "O tún ti sìnkú nìyẹn."

Àwọn èrò rẹ̀ jìyà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò ní parọ́. Tí òkè bá ga jù, á ní kí àwọn tó lágbára sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ gùn ún. Tí ẹnì kan bá sì ké láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ o, ọjọ́ ń lọ!" kò ní wẹ̀yìn. Á ní, "Ẹni tó ń kánjú kó sọ̀ kalẹ̀, kó máa sáré lọ, a máa bá a níwájú." Ọlọ́run ṣe é, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ pẹ̀lú ìbínú ní Ìpele, ó wọ mọ́tò kan tó ń sáré, a sì bá wọn lẹ́bàá ọ̀nà tí táyà wọn ti bẹ́. Bàbá dúró, ó gbé ọmọ náà padà, kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Ìdákẹ́ yẹn le ju èébú lọ.

Ìyá oníṣu kan wà tí wọ́n jọ máa ń jà ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ìyá náà fẹ́ kí wọ́n di iṣu òun sórí mọ́tò, Bàbá ní láéláé. Ó ní ẹrù orí mọ́tò, afẹ́fẹ́ ni yóò máa bá jà títí dé ilé, epo òun ni wọ́n sì máa fi jà á.

"Bàbá, ṣé orí yín ni mo ní kí ẹ fi rù ú ni?"

"Ká ní orí mi ni, ìyá, ì bá dára. Orí mi kì í mu epo."

"Níbo ni kí n wá kó o sí? Ṣé kí n jẹ ẹ́ níbí?"

"Ẹ kó o sábẹ́ àga. Ẹ jẹ́ kí èrò gbé ẹsẹ̀ lé e."

"Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ dọ̀tí lé iṣu mi! Ẹ̀yin bàbá yìí, ahun yín á pa yín!"

Gbogbo èrò a máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí, Bàbá fúnra rẹ̀ á sọ̀, á tẹ́ àpò sílẹ̀ lábẹ́ àga, á to iṣu náà níkọ̀ọ̀kan, orí sí ìdí, bí ẹni ń to ọmọ sórí ẹní. Ìyá yẹn ò sì wọ mọ́tò míì títí di òní. Ní ọjọ́ ìsìnkú, òun ló ń ké jù. Wọ́n bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ Bàbá sílẹ̀ látọjọ́ yìí pẹ̀lú gbogbo ìjà wọn. Ó ní, "Ó máa ń pẹ́. Àmọ́ ó máa ń dé."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí epo, ó lè ṣe ohunkóhun. Àwọn awakọ̀ kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, mọ́tò á máa yí lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bíréèkì kì í mú dáadáa bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan fi yangàn lójú wa, ó ní kí Bàbá náà gbìyànjú rẹ̀ wò. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí ìbínú gidi lójú rẹ̀. Ó ní, "Epo ni mo ń ṣọ́, mi ò kì í ta ẹ̀mí."

Ó láìdáa tirẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó Àǹtí Bísí, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, òun ló kó ará Ìmẹ̀rì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n ti gbàdúrà ìkẹyìn kó tó fà dé. Ẹlòmíràn ló fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Àǹtí Bísí sunkún, ọ̀ṣọ́ ojú rẹ̀ bàjẹ́, ó ń pariwo níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Bàbá, ọjọ́ kan ṣoṣo! Ṣé ẹ ò lè sáré lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí mi?" Bàbá dúró bí ọmọ tí wọ́n ń bá wí. Ojú tì í, mo rí i. Nígbà tó yá, ó ní, "Bísí, mo dé. Gbogbo ẹni tí mo sì kó, wọ́n dé."

Nínú ilé, kò lè rí iná tó ń tàn lásán kó má pa á. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà, ó ń ṣọ́ ọ lò. Bọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò bàbá mi, gbóná lára púpọ̀, ó máa ń wá fi ohùn òkè sọ̀rọ̀ sí i lórí ilẹ̀, lórí mọ́tò, lórí ohun gbogbo. Bàbá á jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Tó bá ti mí hẹlẹ, Bàbá á ní, "Káyọ̀dé, ìbínú náà, epo ni. O ti jó tìrẹ tán, a ò sì tíì kúrò lójú kan."

Ní gbogbo Kérésìmesì àti Àjíǹde, Bàbá máa ń gbé mọ́tò wá síwájú ilé wa ní Ọ̀wọ̀ láti kó wa lọ sí Ìmẹ̀rì. Á pa ẹ́ńjìnnì, nítorí kì í jẹ́ kó máa jó epo lórí ìdúró. Á ṣí ilẹ̀kùn iwájú, èyí tó kọjú sí ọ̀nà àbáwọlé wa, á fi aṣọ mímọ́ nu àga ibẹ̀, á sì jókòó. Kì í fọn fèrè. Kì í pe ẹnikẹ́ni. Màámi á jáde, á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú ewu, Bàbá. Ẹ máa lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn." A máa dúró sí i. Nígbà míì a dúró tó wákàtí kan, oòrùn á máa pa wá nínú mọ́tò. Lẹ́yìn náà, Bàbá á rọra pa ilẹ̀kùn náà dé, á sì ta mọ́tò. Màámi á lọ wọ mọ́tò ẹlòmíràn ní gáréèjì.

Nígbà tí mo tó ọmọ ogún ọdún, ara mi ò gbà á mọ́. Mo bi Bàbá lójú ọ̀nà pé kí ló dé tí kò bẹ Màámi, kó dọ̀bálẹ̀ gidi, kó bẹ̀ ẹ́. A ti kọjá Ìpele. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí ǹ bá fi bẹ̀ ẹ́ ti jóná."

Ohun kan tún wà tó fi ń fọ́nnu, tí ẹnikẹ́ni ò gbà á gbọ́. Ó ní òun ti fi táńkì epo kan lọ Ìbàdàn láti Ọ̀wọ̀, òun sì fi bọ̀, láìdúró nílé epo kankan. Bọ̀dá Káyọ̀dé á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Bàbá, ṣé ẹ tì í ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ojú ló ń dà á láàmú lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló gbé e lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Bísí ní Ìbàdàn fún ìtọ́jú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó pè mí lórí fóònù, ó bi mí pé ṣé màmá mi wà nítòsí. Ó wà. Ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo na fóònù sí i, ó mi orí, ó ní kí n bá òun kí wọn. Mo sọ fún Bàbá pé Màámi ní kí n kí i. Ó ní, "Bá mi kí i. Sọ fún un pé táyà iwájú méjèèjì, tuntun ni."

Mo sọ fún Màámi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí, ó sì tún ń bó o lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá sun oorun ọ̀sán ní Ìbàdàn, kò jí.

Ọ̀sẹ̀ tí a fi ìsìnkú sí gan-an ni epo tún wọ́n. Bọ̀dá Káyọ̀dé, ìyàwó rẹ̀ àti èmi gbé mọ́tò Bàbá lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́rú láti lọ gbé e. Mo ti rọ táńkì kún kí a tó kúrò ní Ọ̀wọ̀. A tú àwọn àga ẹ̀yìn kí pósí lè wọlé. Nígbà tí a dé Ìbàdàn, ilé epo tó ṣí kò ju ọ̀kan lọ, ìlà mọ́tò ibẹ̀ sì ti yí àdúgbò po. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí a ti gbé pósí wọ mọ́tò, Bọ̀dá Káyọ̀dé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àwọn ọmọ kan ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì ní ìkóríta yẹn. Jẹ́ ká gbé méjì sẹ́yìn."

"Kẹ́ẹ̀gì ò ní bá Bàbá jókòó nínú mọ́tò yìí, sà."

"Ìbídùn, òkú ò mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun."

"Èmi mọ̀ ọ́n, sà."

Ó wò mí títí. Ó ní tí epo bá tán mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, orí mi ló máa wà. Mo ní kó wà lórí mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo bọ́ bàtà mi, mo sì ta mọ́tò.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fara mọ́ láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, mi ò du ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Níbi tí mo bá ti rí kòtò, mo ti gbé ẹsẹ̀. Bọ̀dá Káyọ̀dé ń mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Àǹtí Bísí ń sunkún lẹ́yìn, àwọn mọ́tò ń kọjá wa, wọ́n ń fọn fèrè mọ́ wa. A kọjá Iléṣà, a kọjá Àkúrẹ́. Ọwọ́ géèjì epo ń lọ sílẹ̀ bí omi inú ìkòkò tó ń jò. Nígbà tí a máa fi wọ Ọ̀wọ̀ lọ́sàn-án, ó ti sùn sórí pupa, ṣùgbọ́n mọ́tò ṣì ń lọ.

Ilé wa ni mo kọ́kọ́ yà. Àṣà ilé wa ni pé olórí ilé kì í dá wọ ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e bọ̀; ìyàwó àkọ́bí rẹ̀ ló ń jókòó tì í wọlé. Màámi ti sọ látìgbà tí Bàbá ti kú pé òun máa wá mọ́tò tòun, òun á pàdé wa lẹ́nu ibodè Ìmẹ̀rì, kí òun wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí kí a fẹsẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n nítorí epo tó wọ́n, kò sí ẹyọ mọ́tò kan ní gáréèjì lọ́jọ́ náà. Bí kò bá wọ mọ́tò Bàbá, ìyàwó Bọ̀dá Káyọ̀dé ló máa gba ipò rẹ̀, gbogbo ìlú á sì mọ̀ pé ìyàwó Olú kò tẹ̀lé bàbá ọkọ rẹ̀ délé. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo wọlé lọ pè é.

Nígbà tí a jáde, Bọ̀dá Káyọ̀dé ti rí kẹ́ẹ̀gì epo kan gbà lọ́wọ́ ará àdúgbò, ó ti gbé e sí ẹsẹ̀ pósí, ó da aṣọ bò ó. Màámi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò. Ó fa imú.

"Òórùn kí ni mò ń gbọ́ yìí?"

Ó nawọ́, ó ká aṣọ náà kúrò. Mi ò rí ojú èèyàn tó yí padà bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó gbé e lọ sí ìdí ògiri lọ́hùn-ún, ó sì padà wá.

"Ìyá Ìbídùn," Bọ̀dá Káyọ̀dé ní, "epo tó wà nínú mọ́tò ò lè gbé wa dé ilé o."

"Tí ò bá gbé wa dé, a máa rìn. Ẹsẹ̀ ò tíì pa ẹnikẹ́ni rí lójú ọ̀nà Ìmẹ̀rì."

Ó wá dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ó ní, "Wà á bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ."

Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa títí a fi kọjá Ìpele. Ní òkè Ìdó-Àní, àwọn tó kù sọ̀ kalẹ̀ kí mọ́tò lè fúyẹ́, Àǹtí Bísí náà sọ̀, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́. Màámi nìkan ni kò sọ̀. Ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ wúkọ́ nígbà tí a rí àwọn òrùlé Ìmẹ̀rì. Ó tún wúkọ́, ó wá dákẹ́. Bọ̀dá Káyọ̀dé sọ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀nà tí a gbà wá. Ó gbé ọwọ́ lé orí mọ́tò, ó bú sẹ́kún, èmi ò rí ẹkún rẹ̀ rí láyé mi. Ó ní, "Bàbá ò parọ́. Táńkì kan lọ Ìbàdàn, ó bọ̀ dé Ọ̀wọ̀, bó ṣe sọ; kò sọ pé dé Ìmẹ̀rì. Bàbá ò parọ́ fún mi."

Àwọn ará ìlú tó ti ń retí wa jáde wá, wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n tì í wọlé. Èmi wà nídìí ọwọ́ mọ́tò. Mo ń wo Màámi nínú dígí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí pósí náà títí a fi dé.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àlùfáà parí àdúrà, àwọn ọmọ da yẹ̀pẹ̀ tiwọn, wọ́n pe ìyàwó Olú. Màámi bọ́ sí etí sàréè, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún un, ó bu yẹ̀pẹ̀ dání. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ṣubú, ìyẹn ni mo fi gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n ti wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ wà lójú ayé, ọkàn mi ni kò gbà." Ó nu ojú. "Tí ẹ bá rí Olú, ẹ sọ fún un pé èmi pẹ̀lú yín la jọ wọlé."